Lẹ́tùsì tó ń korò lẹ́yìnkùlé: ìdáhùn mi fún Ìyá Ìbejì l'Ọ̀ta-Ẹ̀fun

Ìyá Ìbejì kan l'Ọ̀ta-Ẹ̀fun níbí l'Óṣogbo ló kọ̀wé sí mi pé: "Ẹ kú iṣẹ́ sà. Mo ra irúgbìn lẹ́tùsì, mo gbìn ín sẹ́yìnkùlé nínú oṣù kejì, kò hù rárá. Mo tún gbìn nínú oṣù kẹrin, ìyẹn hù díẹ̀, mo wá ń dúró kó ká ara ẹ̀ jọ kó di róbótó, ńṣe ló kàn ń ga sókè, nígbà tí mo já ewé ẹ̀ tọ́ wò ó korò bí ewúro. Ṣé ilẹ̀ wa ni kò dáa ni àbí ayédèrú irúgbìn ni wọ́n tà fún mi? Ṣé kí n yáa padà sórí tẹ̀tẹ̀ àti ṣọkọ mi? Àwọn tó ti korò yìí náà ńkọ́, ṣé a lè jẹ ẹ́?"

Ìyá Ìbejì, ẹ kú iṣẹ́ ọgbà o, Ọlọ́run á fọwọ́ yín lókun. Kí n tètè sọ ọ́ kọ́kàn yín lè balẹ̀: ó jọ pé ilẹ̀ yín kò ṣe nǹkankan, ẹni tó ta irúgbìn fún yín náà sì lè má jẹ̀bi. Ooru ni. Ooru ló dá ti àkọ́kọ́ dúró sínú ilẹ̀, ooru náà ló lé ìkejì sókè. Ẹni tó bá fẹ́ máa já lẹ́tùsì jẹ látinú ọgbà ara ẹ̀ l'Óṣogbo gbọ́dọ̀ gbà á lọ́wọ́ ooru lọ́jọ́ tó fẹ́ hù, tó bá wá hù tán kó máa ké e jẹ ní kékeré, kó má dúró dè é rárá pé kó di róbótó. Ẹ̀yin dúró dè é, ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń dúró dè é torí àwòrán ara páálí irúgbìn tàn wọ́n, ìgbà tí ewé yẹn sì dùn jù ti kọjá lọ lójú wọn kí wọ́n tó mú ọ̀bẹ.

Lẹ́tùsì kì í ṣe ọmọ ilẹ̀ wa. Àgbègbè Òkun Mẹditaréníà ló ti wá, àwọn ará Íjíbítì àtijọ́ ti ń gbìn ín kí wọ́n tó bí Jésù, ojú ọjọ́ tó sì bá a lára mu jù ni nǹkan bíi dígírì 15 sí 20. Ẹ wá wo ilé wa ńbí, nínú oṣù kejì àti oṣù kẹta ọ̀sán Òṣogbo máa ń lé ní dígírì 33, ilẹ̀ tí oòrùn ń pa fúnra ẹ̀ sì máa ń gbóná ju afẹ́fẹ́ lọ. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé Jos ni wọ́n ti ń kó ọ̀pọ̀ ẹ̀ wá fún wa, torí Jos ga tó nǹkan bíi 1,200 mítà, òtútù wà níbẹ̀, tiwa níbí ò ju ọ̀ọ́dúnrún mítà àti díẹ̀ lọ. Ẹ̀yin ò lè gbé Òṣogbo gun òkè, àmọ́ ẹ lè fún irúgbìn kékeré yẹn ní ibi tútù tí ò fẹ̀ ju ẹnu bákẹ́ẹ̀tì lọ, ìyẹn sì tó o.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ látorí èyí tí kò hù. Irúgbìn lẹ́tùsì ní ìwà kan tí tẹ̀tẹ̀ kò ní. Tí ilẹ̀ bá ti gbóná tó dígírì 30 tàbí tó ń sún mọ́ ọn, ọ̀pọ̀ ẹ̀yà ẹ̀ á kàn kọ̀ láti hù, kò kú, ó wà láàyè nínú ilẹ̀, ó kàn ti ìlẹ̀kùn mọ́rí ni. Wákàtí díẹ̀ àkọ́kọ́ lẹ́yìn tó bá ti mumi ló ti ń pinnu bóyá òun á hù àbí òun ò ní hù. Nítorí náà ẹni tó fún irúgbìn láàárọ̀, tó bomi rin ín, tí oòrùn ọ̀sán wá bá a níbi tó ti ń pinnu yẹn, ó ti bà á jẹ́ nìyẹn. Ẹ máa fún un nírọ̀lẹ́, bíi aago márùn-ún tàbí mẹ́fà, kó lè jẹ́ pé òru ni wákàtí tó ṣe pàtàkì yẹn máa bọ́ sí. Nǹkan kékeré báyìí, àmọ́ ó máa ń yàtọ̀ gan-an.

Èyí tó tún dáa jù ni kẹ́ẹ jẹ́ kó hù díẹ̀ kó tó kan ilẹ̀. Ẹ da irúgbìn sórí tíṣù tó tutù tàbí aṣọ funfun mímọ́, ẹ fọ́n omi sí i, kó má lúwẹ̀ẹ́ nínú omi o, ẹ ká a, ẹ fi sínú náílọ̀n, kẹ́ẹ gbé e sínú fíríìjì, kì í ṣe fírísà, kó sùn mọ́jú, tó bá tún lo ọjọ́ kejì kò burú. Lẹ́yìn náà ẹ mú un síbi ibòòji tó tutù. Mo mọ̀ pé ẹ máa sọ pé iná ńkọ́. Tí kò bá síná, tí àmù amọ̀ bá ṣì wà nílé yín, ẹ so aṣọ tó ní irúgbìn yẹn mọ́ ọrùn àmù níta níbi tó máa ń làágùn, tàbí kẹ́ẹ gbé e lé ìdérí ẹ̀ níbi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́, omi tó ń gbẹ lára amọ̀ yẹn máa ń mú kí ibẹ̀ tutù ju yàrá lọ dáadáa. Láàárín ọjọ́ méjì sí mẹ́rin ẹ máa rí ẹnu funfun kékeré lára irúgbìn. Kó má gùn o, gbàrà tó bá ti yọ ẹnu ni kẹ́ẹ ti gbé e lọ sínú ilẹ̀ nọ́ọ̀sìrì, ìyẹn ibi tẹ́ẹ ti máa tọ́ ọmọ ẹ̀ kẹ́ẹ tó ṣí i lọ sórí ebè, nírọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, ẹ fi igi ìṣáná tó tutù mú un, kẹ́ẹ má fi èékánná fún un.

Ìmọ́lẹ̀ náà wà níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ lẹ́tùsì ń fẹ́ rí ìmọ́lẹ̀ kó tó hù, àwọn obìnrin tó ti mọwọ́ ẹ̀fọ́ dáadáa sì máa ń bò ó mọ́lẹ̀ torí bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń ṣe ilá àti ẹ̀gúsí. Má bò ó. Ẹ wọ́n ọn sójú ilẹ̀, ẹ fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ̀ ẹ́ díẹ̀ kó lè mọ́ ilẹ̀, ẹ sẹ́ ilẹ̀dú díẹ̀ bíńtín lé e lórí, kò gbọdọ̀ nípọn ju ìdajì sẹ̀ǹtímítà lọ. Irúgbìn yìí kéré débi pé gíráàmù kan ṣoṣo máa ń tó bíi 800 sí 1,000 hóró, ibi tẹ́ẹ bá rì í sí jìnnà kò ní lágbára láti jáde. Ẹ tún ṣọ́ èèrà o, èèrà fẹ́ràn irúgbìn yìí, wọ́n á gbé e lọ lẹ́yọ lẹ́yọ ní òru, ẹ̀yin á máa sọ pé kò hù nígbà tó jẹ́ pé kò sí níbẹ̀ mọ́. Ẹ gbé nọ́ọ̀sìrì yín lé tábìlì, kẹ́ẹ gbé ẹsẹ̀ tábìlì náà sínú agolo tó ní omi, ó parí.

Ti irúgbìn fúnra ẹ̀, ẹ má ra èyí tí wọ́n wọ̀n sínú náílọ̀n kékeré tí kò lórúkọ tí kò lọ́jọ́. Lẹ́tùsì kì í pẹ́ kó tó sọ agbára nù nínú ooru, àpò tó ti wà lórí wíńdò ṣọ́ọ̀bù níbi tí oòrùn ń ràn sí látọdún tó kọjá lè jẹ́ òfìfo lẹ́ẹ ń rà. Ẹ ra èyí tó wà nínú páálí tàbí agolo tí wọ́n dí, tó ní oṣù àti ọdún lára, ẹ wo orúkọ ẹ̀yà ẹ̀ dáadáa kẹ́ẹ tó sanwó. Ẹ̀yà lẹ́tùsì tó gbajúmọ̀ pọ̀, èyí tó ń di róbótó le koko tí wọ́n ń pè ní iceberg ló ṣòro jù fún ìlú bíi tiwa, torí ó ń fẹ́ tó oṣù méjì àbọ̀ tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ nínú òtútù, ẹ yé da ara yín láàmú lórí ẹ̀. Èyí tí ewé ẹ̀ ń yọ gbàgàdà tí kì í ká ara ẹ̀ jọ ni kẹ́ẹ mú, Black Seeded Simpson àti Salad Bowl wà lára ẹ̀, láàárín ọjọ́ 45 sí 50 ó ti dàgbà tán, ẹ sì ti lè máa já a kó tó tó bẹ́ẹ̀. Tẹ́ẹ bá fẹ́ èyí tó nà sókè tí ewé ẹ̀ ń hàn ṣàkàṣàkà lẹ́nu, Parris Island wà, Jericho náà wà tó jẹ́ pé ilẹ̀ Ísírẹ́lì tó ń gbóná ni wọ́n ti mú un jáde, òun náà máa ń fara da ooru ju àwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ lọ.

Ìgbà wo wá ni? Lójú tèmi, ìparí oṣù kẹwàá ni kẹ́ẹ ṣe nọ́ọ̀sìrì, kẹ́ẹ gbé e sórí ebè nínú oṣù kọkànlá, kó lè jẹ́ pé ọyẹ́ ló máa bá a dàgbà. Ọ̀sán ọyẹ́ ṣì máa ń gbóná lóòótọ́, àmọ́ òru ẹ̀ máa ń tutù, òru tútù yẹn gan-an ni lẹ́tùsì ń fẹ́, atẹ́gùn gbígbẹ yẹn náà kì í sì í jẹ́ kí ewé jẹrà. Ohun tẹ́ẹ máa san níbẹ̀ ni omi, torí ọyẹ́ á gbẹ ilẹ̀ yín láàárín ọjọ́ kan. Tẹ́ẹ bá sì ń kánjú, tẹ́ẹ ò lè dúró di ìgbà yẹn, oṣù keje àti oṣù kẹjọ ṣeé lò, àwọsánmà máa ń bo oòrùn nígbà yẹn, ara ilẹ̀ á sì tutù, kìkì pé òjò lè na ewé ẹlẹgẹ́ yẹn mọ́lẹ̀ kó sì rà á, nítorí náà inú àpò ráìsì tàbí rọ́bà ọ̀dà ni kẹ́ẹ gbìn ín sí lábẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀ níbi tí ìmọ́lẹ̀ ti ń wọlé tí òjò ò ti ní máa dà lù ú. Oṣù kejì dé oṣù kẹrin, ẹ fi sílẹ̀ fún ṣọkọ. Ẹ má sì padà sórí tẹ̀tẹ̀ nìkan, ẹ gbìn ín mọ́ ọn, kò sẹ́ni tó ní kẹ́ẹ fi ọ̀kan sílẹ̀ torí èkejì.

Ebè yín kó ga sókè díẹ̀ kí omi má bàa dúró nídìí ẹ̀, kí ilẹ̀ ẹ̀ sì rọ̀, gbòǹgbò lẹ́tùsì kì í lọ jìnnà rárá, òkè òkè ló ń wà. Àwọn ilẹ̀ pupa olókùúta tó pọ̀ lápá ibì kan ní ìlú yìí, ẹ má bá a jà, ẹ bù ilẹ̀dú àti ajílẹ̀ tó ti jẹrà lé e lórí. Tí ọmọ bá ti ní ewé mẹ́rin tàbí márùn-ún, nǹkan bíi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí mẹ́rin lẹ́yìn tó hù, ẹ ṣí i lọ nírọ̀lẹ́, ẹ fi àlàfo sẹ̀ǹtímítà 20 sí 25 sílẹ̀ láàárín ọ̀kan sí èkejì, kí àárín gùngùn ẹ̀ níbi tí ewé tuntun ti ń yọ wà lókè ilẹ̀, tẹ́ẹ bá rì ín mọ́lẹ̀ á jẹrà.

Mo fẹ́ dúró díẹ̀ lórí ìgbẹ́ adìyẹ torí nǹkan tí à ń jẹ ní tútù lọ̀rọ̀ yìí. Tẹ̀tẹ̀, iná máa kàn án nínú ìkòkò. Lẹ́tùsì, láti ebè sẹ́nu ni. Ìgbẹ́ adìyẹ tútù tí wọ́n bu wá látinú kéèjì lónìí, tẹ́ẹ wá dà á sídìí lẹ́tùsì lọ́la, yàtọ̀ sí pé ó máa jó gbòǹgbò, kòkòrò àìsàn inú ẹ̀ ṣì wà láàyè, omi òjò á ta á sára ewé. L'Amẹ́ríkà, òfin tí wọ́n fi de àwọn àgbẹ̀ tí kì í lo kẹ́míkà ni pé ìgbẹ́ ẹran tútù gbọ́dọ̀ ti wà nínú ilẹ̀ fún 120 ọjọ́ ó kéré tán kí wọ́n tó kórè ohunkóhun tó bá ń fara kan ilẹ̀. Lẹ́tùsì ò tiẹ̀ lò tó ọjọ́ yẹn láyé ẹ̀! Nítorí náà ẹ kó ìgbẹ́ yín jọ pẹ̀lú koríko gbígbẹ àti èèpo iṣu, ẹ jẹ́ kó gbóná kó jẹrà tán, ẹ máa yí i, títí tí ò fi rùn mọ́ tó sì ti di dúdú tó ń tú ní ọwọ́, kẹ́ẹ tó lò ó. Ẹ dà á sílẹ̀ kẹ́ẹ tó gbin ọmọ síbẹ̀, ẹ má máa bù ú lé e lórí lẹ́yìn ìyẹn.

Omi náà bẹ́ẹ̀. Nínú ọdún 2018, lẹ́tùsì romaine, èyí tó nà sókè, tí wọ́n gbìn lápá Yuma ní ìpínlẹ̀ Arizona l'Amẹ́ríkà kó àìsàn ran èèyàn 210 ní ìpínlẹ̀ 36, márùn-ún kú nínú wọn, nígbà tí wọ́n sì wádìí wọ́n rí kòkòrò tó fa àìsàn yẹn nínú omi odò àtọwọ́dá tí wọ́n ń fà lápá ibẹ̀. Amẹ́ríkà tó ní gbogbo ẹ̀rọ nìyẹn o. Ẹ̀yin tó jẹ́ pé kàǹga wà lẹ́yìnkùlé, ẹ wo ibi tí sọ́kàwéè tàbí ṣáláńgá aládùúgbò wà sí i. Omi gọ́tà, kò ṣeé gbọ́ sétí rárá. Odò Ọ̀ṣun náà, gbogbo wa la rí bí àwọ̀ ẹ̀ ṣe yí padà látìgbà táwọn tó ń wa wúrà lápá Ìjẹ̀ṣà ti ń da ilẹ̀ rú, lẹ́tùsì sì wà lára àwọn ewé tó máa ń fa nǹkan olóró bíi òjé sínú ara, torí ẹ̀ náà ni mi ò fi fẹ́ kẹ́ẹ gbìn ín sórí ilẹ̀ táwọn mẹkáníìkì ti lò rí. Omi òjò tẹ́ẹ gbè sínú dúrọ́ọ̀mù tó mọ́ tó sì ní ìdérí, omi bọ́ọ̀hóòlù, omi kàǹga tó jìnnà sí ṣáláńgá, ìwọ̀nyí ni kẹ́ẹ lò. Ìdí ni kẹ́ẹ máa da omi sí, ẹ má máa dà á sórí ewé. Kẹ́ẹ́gì lítà mẹ́rin tẹ́ẹ fi ìṣó lu ìdérí ẹ̀ á ṣe iṣẹ́ yẹn dáadáa.

Ẹ máa bomi rin ín déédé, ìyẹn ni pé kí ilẹ̀ má gbẹ lónìí kó wá lúwẹ̀ẹ́ lọ́la. Tó bá ń rí omi ségesège, etí ewé àárín á dúdú á gbẹ, àwọn kan á rò pé àìsàn ni, wọ́n á lọ ra oògùn, bẹ́ẹ̀ àìdọ́gba omi ni kò jẹ́ kí káṣíọ́ọ̀mù, èròjà kan tí ewé nílò, dé ewé kékeré inú lọ́hùn-ún. Ẹ fi koríko gbígbẹ bo ilẹ̀ ìdí ẹ̀ kó lè tutù. Fún ibòòji, ẹ ri igi mẹ́rin, ẹ fi imọ̀ ọ̀pẹ ṣe òrùlé fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ lé e tí oòrùn ṣì ń yọjú gba inú ẹ̀, láti aago mọ́kànlá sí mẹ́rin ló ṣe pàtàkì jù, oòrùn àárọ̀ ẹ jẹ́ kó rí i. Tí ibòòji bá pọ̀ jù ewé á tínrín, á máa nà wá ìmọ́lẹ̀, nítorí náà abẹ́ igi máńgòrò ńlá kọ́.

Ti kòkòrò, mi ò ní fi gùn. Ẹ ṣa ìgbín ní alẹ́ pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì. Ẹ yẹ abẹ́ ewé wò fún àwọn kòkòrò wẹ́wẹ́ tó máa ń dì mọ́ ọn, omi tó ń jáde pẹ̀lú agbára díẹ̀ á gbá wọn dànù, tàbí ọṣẹ díẹ̀ nínú omi, kẹ́ẹ tún fi omi lásán ṣan ewé náà lẹ́yìn ẹ̀. Oògùn apakòkòrò tí wọ́n ń fín sí kòkó tàbí ẹ̀wà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kó kan ewé táwọn ọmọ máa jẹ ní tútù. Adìyẹ àti ewúrẹ́, fẹ́nsì ni oògùn wọn.

Ó ku ìkórè, ibi tí mo ti fẹ́ kẹ́ẹ fara balẹ̀ gbọ́ mi jù.

Nígbà tí ewé ìta bá ti gùn tó àtẹ́lẹwọ́ yín, ó ti yá nìyẹn. Ẹ má ka ọjọ́, ewé ni kẹ́ẹ wò. Ẹ mú ewé tó wà níta pátápátá, méjì tàbí mẹ́ta lára igi kọ̀ọ̀kan, ẹ fi àlùmọ́gàjí tó mọ́ gé e nídìí, ẹ fi àárín sílẹ̀ kò gbọdọ̀ farapa, torí ibẹ̀ ni tuntun ti ń jáde. Láàárín ọ̀sẹ̀ kan ẹ tún padà wá. Tẹ́ẹ bá gbin bíi 15 sí 20 ìdí, tẹ́ẹ ń já méjì méjì lára wọn, ìyẹn tó sàláàdì fún ilé ẹlẹ́ni mẹ́fà lẹ́ẹ̀kan ọ̀sẹ̀ o, ẹ ò sì ní fa ìdí kan tu. Ọ̀nà kejì wà fún àwọn tó fún irúgbìn ẹ̀ ṣìkìtì láìṣí i lọ sórí ebè: tó bá ga tó sẹ̀ǹtímítà 10 sí 15, ẹ di í mú lọ́wọ́ kan, ẹ gé gbogbo ẹ̀ kúrò, kẹ́ẹ fi nǹkan bíi ìka méjì sílẹ̀ lókè ilẹ̀, á tún yọ. Ẹ̀ẹ̀kan sí ẹ̀ẹ̀mejì ló máa yọ dáadáa lójú ọjọ́ tiwa, lẹ́yìn ìyẹn á bẹ̀rẹ̀ sí í korò, kẹ́ẹ fún tuntun. Ọgbọ́n tó wà níbẹ̀ ni kẹ́ẹ máa fún díẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ méjì méjì jálẹ̀ ìgbà ọyẹ́, dípò kẹ́ẹ da gbogbo páálí sílẹ̀ lọ́jọ́ kan ṣoṣo.

Àárọ̀ kùtùkùtù ni kẹ́ẹ máa já a, kí oòrùn tó mú. Omi ló kún inú ewé yẹn, tó ìdá 95 nínú ọgọ́rùn-ún, òru sì ni igi yẹn máa ń mumi yó, ẹni tó bá já a lọ́sàn-án á já ewé tó ti rọ. Gbàrà tẹ́ẹ bá já a, ẹ gbé e sínú omi tútù mímọ́.

Kí ló wá ń mú un korò? Tẹ́ẹ bá ṣẹ́ ewé lẹ́tùsì ẹ máa rí oje funfun tó ń jáde. Inú oje yẹn ni kíkorò wà. Ẹ ti mọ ẹ̀fọ́ yánrin, àbí? Ẹ̀yin tó jẹ́ pé ẹ ti fọ yánrin rí ẹ mọ oje yẹn dáadáa. Ìbátan lẹ́tùsì ni yánrin, ẹbí kan náà lewúro náà ti wá, nítorí náà ahọ́n yín kò parọ́ nígbà tẹ́ẹ rántí ewúro. Tí ooru bá ti dà á láàmú tàbí tó ti dàgbà jù, lẹ́tùsì á gbà pé ó ti tó àkókò láti so èso, á dá ewé yíyọ dúró, á na igi sókè láti yọ òdòdó, oje yẹn á sì pọ̀ nínú ẹ̀. Kí ó tó ga tó bẹ́ẹ̀ ó máa ń fi àmì hàn: ewé tuntun á máa yọ ṣóńṣó, àárín tó máa ń pọ̀ mọ́lẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í gbéra, àlàfo á wà láàárín ewé kan sí èkejì lára igi ẹ̀. Ọjọ́ tẹ́ẹ bá rí i, ẹ gé gbogbo ẹ̀ lọ́jọ́ yẹn gan-an, ẹ má sọ pé ẹ fẹ́ kó tún pọ̀ díẹ̀ sí i. Ọ̀la ó ti korò jù bẹ́ẹ̀.

Nínú ilé, ẹ tú ewé lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹ fi omi tó ń ṣàn tàbí omi tẹ́ẹ ń dà látinú jọ́ọ̀gì fọ ojú àti ẹ̀yìn ẹ̀, ìdí ewé ni iyanrìn máa ń sá sí. Mo mọ̀ pé omi oníyọ̀ là ń lò nílé wa, ó dáa fún kòkòrò kékeré tó bá sá pamọ́, fínígà náà máa ń dín àwọn kòkòrò àìfojúrí kù, àmọ́ kò sí èyí tó ń pa gbogbo ẹ̀ tán nínú wọn, nítorí náà omi mímọ́ àti ajílẹ̀ tó jẹrà lórí ebè ló ń gba èèyàn lọ́wọ́ táífọ́ọ̀dì ju fífọ̀ lọ. Ẹ má fi ọmò tàbí ọṣẹ fọ ewé tẹ́ẹ fẹ́ jẹ. Ẹ gbọ̀n ọ́n kó gbẹ, ẹ ká a mọ́ aṣọ mímọ́, ẹ fi sínú náílọ̀n nínú fíríìjì, kó jìnnà sí ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti tòmátì torí afẹ́fẹ́ tó ń jáde lára èso tó ń pọ́n máa ń mú kí ewé yọ àmì pupa rẹ́súrẹ́sú. Tí iná ò bá dúró, ẹ má já ju èyí tẹ́ẹ máa jẹ lọ́jọ́ yẹn, ọgbà yín ni fíríìjì tó dáa jù fún un.

Àwọn tó ti ga tó sì ti korò lẹ́yìnkùlé yín yìí, kì í ṣe májèlé. Ẹ lè já ewé rẹ̀ tó ṣì rọ̀, ẹ bọ̀ ọ́ bí ẹ ṣe ń bọ yánrin, ẹ da omi àkọ́kọ́ nù, kẹ́ẹ sè é pẹ̀lú ẹ̀gúsí tàbí irú, kíkorò ẹ̀ á dín kù gan-an. Tẹ́ẹ bá ń sin ehoro àwọn náà á jẹ díẹ̀ nínú ẹ̀. Àmọ́ ẹ má gba irúgbìn lára wọn o. Igi tó tètè yọ òdòdó nínú ooru, ọmọ ẹ̀ náà á tètè yọ. Ẹ fà wọ́n tu, ẹ kó wọn sórí ajílẹ̀ kí wọ́n tó tanná.

Ti ọyẹ́ tó ń bọ̀ ni kẹ́ẹ gbà. Nígbà tí gbogbo wọn bá ń ga nínú oṣù kejì, ẹ wo èyí tó pẹ́ jù kó tó gbéra, ọ̀kan tàbí méjì péré, ẹ so aṣọ pupa mọ́ ọn káwọn ọmọ má bàa fà á tu, ẹ fi igi gbé e ró, ẹ jẹ́ kó tanná. Lẹ́tùsì máa ń gba àtọ̀ ara ẹ̀ fúnra ẹ̀, nítorí náà ìdí kan ti tó. Ní nǹkan bíi ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta lẹ́yìn tó bá tanná, òwú funfun á yọ lórí ẹ̀, ẹ tẹ orí náà sínú àpò bébà kẹ́ẹ gbọ̀n ọ́n, lójoojúmọ́ ni torí kì í gbó lẹ́ẹ̀kan náà, ẹ sì sáré ṣe é kí òjò oṣù kẹta tó dé bá a. Ẹ sá a níbi ibòòji fún ọjọ́ díẹ̀, ẹ fẹ́ òwú ẹ̀ dànù, ẹ rọ ọ́ sínú ìgò kékeré tó gbẹ, ẹ kọ oṣù àti ọdún sára ẹ̀, ẹ dé e pa kẹ́ẹ tì í sínú fíríìjì di ìparí oṣù kẹwàá.